Orúkọ Wo Nínú Méjèèjì Ni Mò Ń Rà?

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ilé-ìwé gíga ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, gbogbo ọkùnrin tó wà ní sáìtì wa ní Lakowe ló di ọ̀jọ̀gbọ́n lórí láptọ́ọ̀pù. Kápẹ́ńtà ní HP ni kí n rà. Ẹni tó ń fa wáyà iná ní Dell ni, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti lo Dell fún ọdún mẹ́fà láìsí wàhálà. Èyí tó ń kun ilé, tí kò ní ju fóònù kékeré kan tó ń fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá bàtà lọ, ní bí kò bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n ya èso tí wọ́n gé jẹ sí lẹ́yìn, kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú. Mo bi í bóyá ó ti fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ó ní rárá, òun kàn mọ̀ ni.

Kò sí ẹni tó bi mí ohun tí èmi fẹ́ fi ṣe.

Sìlífátù lorúkọ mi. Táìsì ni mò ń tẹ́. Ọmọ Ìwó ni mí, ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé sún síwájú ni èmi náà ń sún. Bí ẹnì kan bá rí obìnrin tó kúnlẹ̀ tó ń fi òòlù rọ́bà gbá táìsì, tó wá ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń jẹ́ kó rín in tán. Lẹ́yìn náà ni màá ní kó wá gbé ìwọ̀n olómi lé ilẹ̀ tí mo tẹ́, kó sọ ibi tó ti wọ́ fún mi. Títí di òní, wọn ò tíì rí ibì kankan.

Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ sílé-ìwé kò pọ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń tẹ́lẹ̀ lórí pláànù tí ẹlòmíràn yà, tí mo bá sì sọ pé omi balùwẹ̀ kò ní ṣàn lọ bí wọ́n ṣe yà á, wọn á ní kí n tẹ́ táìsì mi. Omi náà kì í sì ṣàn lọ. Mo fẹ́ máa ya tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí ilé-ìwé yìí kí wọ́n tó gbà mí, ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́, ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, Sátidé Sátidé. Nǹkan méjì ni wọ́n ní kí n mú wá: láptọ́ọ̀pù tèmi, nítorí orí rẹ̀ la ó ti máa yàwòrán, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà mí síṣẹ́, pé ó yọ̀ǹda mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí kò bá mú méjèèjì dé kí ọ́fíìsì tó tì lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ Ajé ni mo gba lẹ́tà náà.

Ẹni tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gá ní sáìtì ni Ẹnjiníà Akínọ̀ṣọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni, bí ọjọ́ bá sì lọ láìsí ẹni tó dúpẹ́, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Mo mú lẹ́tà lọ bá a, mo kúnlẹ̀.

"Sìlífá," ó ní, "má lọ ra ìranù ní Ajah o. Fake ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo ní àbúrò kan ní Phase One, Adéníyì, original ló ń tà. Gbogbo láptọ́ọ̀pù márùn-ún tó wà ní ọ́fíìsì wa yìí, ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti rà á. Lọ́jọ́rú, èmi fúnra mi ni màá fi mọ́tò gbé ẹ lọ. Tá a bá ti rà á tán, màá sign lẹ́tà ẹ."

Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa iṣẹ́ wa. Orúkọ gàdàgbà tó wà lára páálí táìsì, ti oníbàárà ni. Nọ́ńbà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, tiwa ni. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè ṣe táìsì lónìí, kó ṣe irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọ̀ wọn má bára mu; nọ́ńbà yẹn nìkan ló máa sọ fún ọ. Ọdún kejì tí mo dé Èkó, mi ò tíì gbọ́n. Mo tẹ́ pálọ̀ ìyá kan ní Sangotedo, orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo páálí, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tán, ìdajì pálọ̀ funfun bíi wàrà, ìdajì kejì rí bí ògì bàbà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ́ gbogbo rẹ̀, tí mo tún un tẹ́, tí mo ń sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí mo máa rà tí mi ò ní dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe bàtà. Ọkọ tí mo fẹ́ nìkan ni mi ò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, èmi nìkan ni mo sì ń gbé báyìí.

Lọ́jọ́rú, a dé ṣọ́ọ̀bù Adéníyì ní Phase One. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yìnyìn sí wa lára. Àwọn oníbàárà méjì kan ti wà níbẹ̀, tọkọtaya, wọ́n ń wo tiwọn. Adéníyì kí Ẹnjiníà, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bèèrè ìyàwó àti ọmọ. Èmi tí mo fẹ́ ra nǹkan, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wo bàtà mi tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́, ó sì yíjú padà sí Ẹnjiníà.

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?" ó bi Ẹnjiníà.

"Ó fẹ́ lọ school ni. Fún un ní èyí tó dáa. Orúkọ ńlá."

Adéníyì gbé ọ̀kan jáde. Ẹ gbọ́, ó lẹ́wà. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, orúkọ tó wà lórí ìdérí rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Ó ṣí i, iná tàn, àwòrán òkè kan tí yìnyìn bò yọ jáde. Ẹnjiníà mi orí sókè sódò bíi pé òun ló ṣe é. "Ìwọ náà wò ó," ó ní. "Kò sí ẹni tó máa rí èyí lọ́wọ́ ẹ tí kò ní bọ̀wọ̀ fún ẹ."

Mo nawọ́ gbà á. Mo pa á dé. Mo sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

Adéníyì ní, "Àǹtí, ẹ̀yìn kọ́ la ń wò o."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Súkúrù mẹ́jọ ló wà nídìí rẹ̀. Mẹ́ta dúdú, márùn-ún ń dán, orí àwọn tó ń dán sì ti jẹ bí ìgbà tí wọ́n ti tú wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹnì kan ti fi ohun mímú ha nǹkan kan kúrò, àmọ́ kò ha á tán. Mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, bí a ṣe máa ń wo táìsì bóyá ó ti sán. Orúkọ jáde. Kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìdérí. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe ikùn, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe orí, Adéníyì tàbí ẹni tó tà á fún Adéníyì ló so wọ́n pọ̀.

Mo padà wọlé. Mo gbé e sórí káńtà, ẹ̀yìn lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "orúkọ wo nínú méjèèjì ni mò ń rà?"

Mi ò pariwo. Bí wọ́n bá ní mo pariwo, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà kéré. Ọkọ nínú tọkọtaya yẹn wá síwájú, ó wo ibi tí ìka mi wà, ó padà lọ dojú tiwọn náà délẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀. Wọ́n jáde láìdágbére.

Adéníyì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, pé factory ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pé èmi kò lè mọ̀. Ẹnjiníà di ọwọ́ mi mú, ó fà mí jáde síbi tí mọ́tò rẹ̀ wà.

"O rí ohun tó o ṣe? O dójú tì mí níwájú èèyàn!"

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe èmi ni mo kọ orúkọ méjì sí i lára."

"Ìwọ tó ń tẹ́ táìsì! Ìwọ lo fẹ́ mọ kọ̀ǹpútà ju Adéníyì lọ?"

"Mi ò mọ kọ̀ǹpútà, sà. Ẹ̀yìn nǹkan ni mo mọ̀."

Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ: àwọn márùn-ún tó wà ní ọ́fíìsì wa, tí ẹnikẹ́ni ò tíì dojú wọn délẹ̀ rí. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀, ìyẹn ló sì wá bí i nínú jù.

"Gbọ́," ó ní. "Wọlé padà. Kúnlẹ̀, bẹ Adéníyì. Mú láptọ́ọ̀pù yẹn, kó o sì dúpẹ́. Láàárọ̀ ọ̀la, màá sign lẹ́tà ẹ."

Mi ò ní parọ́ fún yín, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí ilé-ìwé yìí. Kíkúnlẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun fún mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Mo rò ó pé kí n kúnlẹ̀, kí n gbà á, kí n máa rọra lò ó bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pálọ̀ Sangotedo, bí mo ṣe ń fọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́. Mo dúró ṣánṣán.

"Mi ò ní kúnlẹ̀ fún un, sà. Òun ló yẹ kó bẹ ẹ̀yin gan-an."

"Ṣé èmi lò ń sọ ìyẹn fún? Ó dáa. Lọ wá ẹni tó máa sign fún ẹ. Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹ! Mi ò gbà ẹ́ síṣẹ́ rí! Iṣẹ́ ni mo gbé fún ẹ, o ṣe é, mo sanwó, ó parí. Ṣé orúkọ ẹ wà nínú ìwé wa kankan ni? Àwọn balùwẹ̀ tó kù yẹn náà, màá pe ẹlòmíràn. Wá kó irinṣẹ́ ẹ lọ́la."

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Mo wọkọ̀ padà sí Ajah. Jákèjádò ọ̀nà ni mò ń dá ara mi lóhùn, ọ̀rọ̀ dáadáa tó yẹ kí n ti sọ fún un kò dẹ́kun àtijáde lẹ́nu mi, ẹni tó jókòó tì mí sì ń sún kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìròyìn ti dé sáìtì ṣáájú mi. Ẹ máa rò pé wọ́n á gbè mí. Kápẹ́ńtà tó ní HP àti oníwáyà tó ní Dell, wọ́n fi ẹnu kò nígbà àkọ́kọ́: kí n lọ bẹ Ẹnjiníà. Bàbá Tàjùdéèn, bíríkìlà tó dàgbà jù láàárín wa, ọmọ ìlú mi, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sìlífátù, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni láptọ́ọ̀pù? Irin lásán ni. School lo fẹ́, àbí láptọ́ọ̀pù?"

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá fi orúkọ èké wọ school, kí ni mo fẹ́ kọ́ níbẹ̀?"

"Ẹnu ẹ ni yóò pa ẹ́," ó ní, àmọ́ ó bá mi gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gé táìsì dé ẹnu géètì.

Ó dùn mí. Balùwẹ̀ mẹ́ta ló kù, èyí tó kọjú sí pápá gọ́ọ̀fù nínú wọn ni mo fẹ́ràn jù. Mo ti to àpẹẹrẹ rẹ̀ sílẹ̀, aláwọ̀ ewé àti funfun. Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì tó ti dì, omi ń dà lójú mi, inú sì ń bí mi pé omi ń dà lójú mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí Mọ́nsúrátù pè mí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń po sìmẹ́ńtì fún mi láti ọdún mẹ́rin, èmi ni mo gbà wọ́n, èmi ni mò ń sanwó wọn.

"Ọ̀gá, wọ́n ní a ti kúrò ní Lakowe. Ibo ni ká wá lọ́la?"

"Àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ní ká wá tẹ́ ní Badore ló kàn," mo ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má wá lọ́la, mo ní ibi tí mò ń lọ. Ọjọ́ Ajé ni."

"Ó dáa, Ọ̀gá. Ẹ ti fún wa láyè nìyẹn."

Mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà padà wá sọ́kàn mi: Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹ, mi ò gbà ẹ́ síṣẹ́ rí. Ọkùnrin yẹn fi ìbínú sọ òótọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni gbogbo àwa oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń pe ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa ní ọ̀gá, tí à ń kúnlẹ̀, tí à ń tọrọ àyè lọ sí ìsìnkú lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dá orúkọ bàbá wa mọ̀. Tí ọmọlanke bá sì já lé ẹsẹ̀ wa, wọ́n á ní àwọn ò gbà wá síṣẹ́. Ta ló wá gbà mí síṣẹ́? Ta ló ń jí mi láàárọ̀? Mo nu ojú mi. Mo dìde.

Mo gba Ajah lọ, níbi tí wọ́n ní fake kún fọ́fọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo ti tẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, Olúyẹ́misí, ó máa ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, ó sì ń tà á. Òun nìkan ló bi mí ní ìbéèrè.

"HP wà, Dell wà, Lenovo wà," ó ní. "Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná, Àǹtí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ ya pláànù ilé. Mo fẹ́ kàwé. Mo fẹ́ máa gbé e lọ sí sáìtì, eruku wà níbẹ̀. Iná kì í sí nílé mi. Tó bá bàjẹ́, mi ò fẹ́ gbé e dé Phase One kí ẹnì kan tó wò ó."

Ó ronú, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé Dell dúdú kan jáde. Ó nípọn, ó wúwo, ojú bọ́tìnì méjì ti pa. Kò lẹ́wà rárá. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé ibi tó yẹ kí n wá ni mo wá. Orúkọ tó wà lórí, òun ló wà nídìí. Ó tú súkúrù níwájú mi, ó fi ìka tọ́ka: "Ẹ wò ó, ibi tó ń rántí nǹkan nìyí, mo lè fi kún un tí iṣẹ́ bá pọ̀. Bátìrì ẹ̀ rèé, ó ń yọ, ẹ lè ra èkejì pamọ́. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́ lára ẹ̀ tí mi ò ní ìpààrọ̀ ẹ̀ níbí." Mo fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń rà. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, mo rà á.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fi ìka méjì tẹ lẹ́tà kan sórí láptọ́ọ̀pù mi, Olúyẹ́misí sì bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó kọ̀ láti gba owó ìwé lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó níwájú Ìyáàfin Sẹ̀gilọlá tó ń gba ìwé ní ilé-ìwé náà. Àwọn mẹ́fà tò sẹ́yìn mi. Ó wo láptọ́ọ̀pù mi, ó ní kí n tàn án, ó tàn, ó sàmì sí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé lẹ́tà. Ó kà á tán, ó tún padà kà á láti òkè.

"Sìlífátù ló ń wá sílé-ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sìlífátù náà ló yọ̀ǹda rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Madam, ẹ má fi mí ṣeré. Lẹ́tà ọ̀gá yín la ní kẹ́ ẹ mú wá."

"Òun ni mo mú wá, mà. Èmi ni mò ń gba iṣẹ́, èmi ni mò ń ṣe é, mo sì ní òṣìṣẹ́ méjì lábẹ́ mi. Kò sí ẹlòmíràn."

"Ìlànà wa ni pé a máa pe nọ́ńbà ọ̀gá, ká fi etí ara wa gbọ́ ọ."

"Nọ́ńbà ẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mà. Ẹ pè é."

Ó wò mí. Ó gbé fóònù orí tábìlì rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà náà. Fóònù mi dún nínú báàgì mi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ẹlòmíràn gbà á. Mo rọra yọ ọ́, mo dìde dúró, mo gbé e sétí.

"Ẹ káàsán o. Sìlífátù onítáìsì ló ń sọ̀rọ̀."

Mo rò pé yóò ju fóònù sílẹ̀. Kò jù ú. Ó ń wò mí lójú kòrókòró láti òdìkejì tábìlì, fóònù wà létí rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ ní òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sìlífátù?"

"Mo ní i."

"Ṣé òṣìṣẹ́ gidi ni?"

"Ó lẹ́nu, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ tẹ́jú."

"Ṣé ẹ máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa ní gbogbo Sátidé, ọdún méjì gbáko?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ènìyàn, kò sí ẹni tó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

"Mo yọ̀ǹda ẹ̀," mo ní. "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá a dúró, ẹ ní kó wá bá mi."

Ìyáàfin Sẹ̀gilọlá gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀, ó fa òǹtẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì lù ú mọ́ lẹ́tà mi.